Ta Ló Fi Ẹfun Kun Àtẹ Èédú?

Ẹfun náà kò tíì gbẹ.

Atúdìí fi ìka kan ògiri, ìka rẹ̀ funfun. Ó fi nu ara ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tún wo ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lánàá, àtẹ èédú wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Odindi ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi yà á. Òpó kan fún ọjọ́ kan, ìbú ìka kan fún òkú kan. Ọjọ́ tí èèyàn márùn-ún bá kú, òpó ọjọ́ náà á gùn ní ìka márùn-ún. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá kú, àyè rẹ̀ á ṣófo. Ẹni tí ò mọ ìwé kankan kà pàápàá, tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ bóyá ikú ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń dínkù. Láàárọ̀ yìí, ògiri funfun báláú ló kù.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni," obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ dáhùn. "A lọ se aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé bí a ṣe ń ṣe láràárọ̀, gbogbo wa pátá. Nígbà tí mo máa fi padà wọlé, báyìí ni mo bá a."

Obìnrin náà ni olórí àwọn tó ń tọ́jú Ilé Aláìsàn. Aṣọ kankan ò gbọdọ̀ kan ara aláìsàn rẹ̀ àfi tí wọ́n bá sè é nínú omi tó ń hó. Ìyá Olómi-Gbígbóná ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ń bú u. Ó gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè, ó ń fi yan.

"Ìyá, ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?"

"Ká ní mo rí i ni, òkú ni ò bá bá nílẹ̀, kì í ṣe ògiri."

"Olórí Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀yin gan-an lẹ pa á rẹ́. Ó ní ẹ rí i pé ikú ń pọ̀, lẹ bá fi ẹfun bo ìtìjú yín."

Ìyá Olómi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

"Kó wá sọ ọ́ níbí. Kó dúró síwájú ògiri yìí kó sọ ọ́ lójú mi. Ọgbọ̀n ọjọ́ rèé, kò láyà láti tẹ ẹnu ọ̀nà wa!"

Ọ̀rọ̀ náà ò lọ́jú pọ̀. Ibà wọ ìlú. Àwọn onígbàjámọ̀ ló ti ń wo ibà láti ayébáyé: wọ́n á fi abẹ sín apá aláìsàn, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo, wọ́n á ní ibà ti bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìyá Olómi ní rárá, àwo ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ó lé abẹ jáde nínú ilé, ó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọgbọ̀n ọjọ́. Òun á máa ya ikú sára ògiri lójoojúmọ́, òun ò ní fi ẹyọ kan pamọ́. Tí ikú ò bá dínkù, kí wọ́n lé òun gba ẹnubodè jáde.

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé lánàá. Àwọn ìgbìmọ̀ ń bẹ̀rù ibà, wọn ò wá fúnra wọn. Wọ́n rán akọ̀wé wọn kó lọ da àtẹ náà kọ sórí awọ. Nígbà tí wọ́n tẹ́ awọ náà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, òpó ń ga sí i ni. Kí ilẹ̀ sì tó mọ́ tán, ẹnìkan ti pa ojúlówó rẹ́.

Wọ́n fún Atúdìí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Òun ni wọ́n máa ń rán tí ọ̀ràn bá rújú. Tí kò bá rí ìdí rẹ̀, Ìyá Olómi á jáde nílùú, abẹ á sì padà sórí aláìsàn mẹ́rìndínlógójì tó wà nínú ilé náà. Ẹni tó sùn sórí ibùsùn kẹta láti ẹnu ọ̀nà ni àbúrò Atúdìí obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní. Ọjọ́ kẹrin ibà rẹ̀ nìyí. Àwo ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà lára ìyá àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí ìyá náà kú. Atúdìí ló gbé àwo kẹta dání fún wọn.

Ó tún yíjú sí ògiri. Ẹfun náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi àjà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n àyà èèyàn, ó dúró níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, èéfín ọdún gbọọrọ ṣì wà lára ògiri, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé tí kò kun ìsàlẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ kùn níbẹ̀? Láti igi àjà ni mo ti ń fa òpó wá sílẹ̀. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé. Mo ní òkú kì í lọ sókè lójú tèmi, ilẹ̀ là ń sin ín sí."

Lápá òsì, níbi tí òpó ọjọ́ kẹrin yẹ kó wà, ẹfun náà ki. Níbòmíràn, ìgbálẹ̀ akùnlé kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Níbẹ̀, ó kọjá léraléra, ẹfun ọ̀hún pọ̀ débi pé ó ṣì ń kán sílẹ̀.

"Níbo ló ti rí ẹfun?"

"Abẹ́ àtẹ̀gùn. Korobá méjì ló ṣẹ́kù nígbà tí a tún ilé ṣe lẹ́yìn ìjì. Gbogbo ẹni tó ń wọ ilé yìí ló mọ̀."

Gbogbo ìlú ló rántí ìjì náà. Ọjọ́ kejìlá oṣù ló jà. Ó gbé apá kan òrùlé lọ, ó sì wó igi ńlá lulẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà Ilé Aláìsàn. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi gé e kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Kí Atúdìí tó jáde, ó yà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé àwo wá o."

"Wọn ò ní gbé e wá."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú. Kò dá a lójú rárá.

Baba Onílẹ̀kùn jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí, ọ̀pá gígùn kan lórí itan. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lórí àpótí yẹn.

"Baba, ẹ kú ìjókòó. Ta ló wọlé láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé. Nígbà tí agogo kìn-ín-ní lù ni mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ti wà lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ ò kúrò lórí àpótí?"

"Mo lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ó pẹ́?"

"Bó ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ àgbàlagbà ni. Tó o bá dàgbà, wàá mọ̀."

Obìnrin kan yọ láti inú ilé, ó gbé ẹrù kékeré lọ́wọ́. Ó rù, àmọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn, ó sì ń fi ọwọ́ ṣíji bojú nítorí oòrùn. "Baba, mo ń lọlé o!" Baba dáhùn pé ó dàbọ̀, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé ojú kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

"Kí nìyẹn, Baba?"

"Iṣẹ́ mi ni. Aláìsàn tó bá wọlé, mo gé e sókè. Èyí tó bá jáde, mo gé e sísàlẹ̀. Ìlà kan fún ọjọ́ kan, ọ̀pá kan fún oṣù kan."

"Mo gbọ́ pé ìyàwó yín náà sùn níbí nígbà kan."

Baba nu ọ̀bẹ sí itan rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ó ti jáde."

"Ẹ bá mi kí i."

Baba tún gbé ọ̀pá sórí itan. Atúdìí rò pé etí rẹ̀ ti ń di ni, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Olórí Onígbàjámọ̀ wà ní gbàgede. Ó ń pọ́n abẹ lára awọ, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá funfun.

"Ọwọ́ rẹ funfun o," Atúdìí wí.

"Àṣẹ̀ṣẹ̀rí rẹ nìyẹn? Ẹfun la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń fárí lọ́dọ̀ bàbá mi. Gé ọwọ́ náà kó o gbé e lọ fún ìgbìmọ̀."

"Níbo lo wà nígbà tí agogo kìn-ín-ní lù?"

"Ìdí orí ni mo wà. Mẹ́rin ni mo fá kí oòrùn tó yọ. Àwọn tó ni orí ṣì wà láàyè, lọ bi wọ́n."

"Inú rẹ dùn pé ògiri ti funfun."

"Inú mi dùn kẹ̀! Ṣé kí n purọ́ ni? Obìnrin ṣa èédú nílẹ̀, ó fi pè mí ní apànìyàn lójú gbogbo ìlú!" Ó sọ abẹ kalẹ̀. "Àmọ́ ronú o, Atúdìí, tórí orí ló wà lọ́rùn rẹ. Mo ti rí awọ akọ̀wé. Ó gbè mí. Kí wá ni màá fi pa ohun tó ń gbè mí rẹ́ sí? Èmi gan-an ni ò bá tan fìtílà síwájú rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ká ní ògiri àti awọ bára mu, kò sí ẹni tí pípa á rẹ́ máa ṣe láǹfààní. Ẹni tó kun ògiri mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bára mu. Atúdìí kúrò ní gbàgede, ó forí lé yàrá akọ̀wé.

Akọ̀wé jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ lọ. Ó tẹ́ awọ náà sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò.

"Ìwọ fúnra rẹ lo wọnú ilé náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"O dúró síwájú ògiri?"

"Mo dúró, mo sì yà á bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́."

Atúdìí fara balẹ̀ wò ó. Ìlà kan gba ìsàlẹ̀ awọ kọjá, àwọn òpó sì dúró lórí rẹ̀ bí igi ọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kúrú: mẹ́ta, méjì, mẹ́rin. Ní àárín, ọjọ́ kejìlá ṣófo pátápátá, ọjọ́ kẹtàlá jẹ́ mẹ́jọ. Ní ìparí, wọ́n ga: mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Akọ̀wé ti kọ àpapọ̀ rẹ̀ sí igun: ọgọ́fà.

"Àwọn òpó tó wà lára ògiri, ṣé òkè ni wọ́n ti ń bọ̀ ni àbí ìsàlẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Níbo lòpó tún ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Láti igi àjà," Atúdìí dá a lóhùn. "Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló mọ̀. O ò wọ ibẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Mo ní ọmọ ọwọ́ nílé. Ibà ò mọ̀ pé akọ̀wé ni mí. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo kígbe pé kí wọ́n bá mi ṣe iye rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n fi okùn sọ agbọ̀n kan kalẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Pákó kan ló wà nínú rẹ̀."

"Ta ló sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Ọwọ́ nìkan ni mo rí."

"Pákó ọ̀hún dà?"

"Mo ti sun ún. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èédú ni wọ́n fi kọ iye náà?"

"Rárá o, ọ̀bẹ ni. Wọ́n gé e ní ojú wẹ́wẹ́, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ó mọ́ tónítóní, ẹni tó gé e ti mọ̀ ọ́n gé pẹ́."

Atúdìí ká awọ náà, ó fi sábẹ́ abíyá. Ó ti ń fura, ṣùgbọ́n ìfura ò lè dá abẹ dúró. Ó gba ẹnubodè jáde lọ sí itẹ́ òkú.

Agbẹ́sàréè sùn gbọọrọ lábẹ́ igi, ó fi ọkọ́ ṣe ìrọ̀rí.

"Dìde. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wo? Ìyá yẹn ti fẹ́ sọ mí di ọ̀lẹ. Láti ọjọ́ mẹ́wàá, èèyàn méjì péré ni mo sin. Méjì! Èmi tí mo máa ń gbẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ á fi bó!"

"Mélòó láti ọgbọ̀n ọjọ́, láti Ilé Aláìsàn?"

Agbẹ́sàréè nàka sí àwọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tuntun. "Méjìlélógójì. Kà á tó ò bá gbà mí gbọ́. Tèmi ò ṣe é fi ẹfun kùn."

"Ọjọ́ ìjì ńkọ́?"

"Mẹ́ta kú lọ́jọ́ ìjì, àna Olórí Ìgbìmọ̀ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo tó sin wọ́n. Igi dí ilẹ̀kùn, wọn ò rí ibi gbé wọn jáde."

Atúdìí kà á. Kò gba agbẹ́sàréè gbọ́, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rìn láti òkìtì dé òkìtì. Méjìlélógójì ni wọ́n lóòótọ́.

Ó ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń rò ó. Ọgọ́fà ni awọ wí. Méjìlélógójì ni ilẹ̀ wí. Ó ku èèyàn méjìdínlọ́gọ́rin. Níbo ni òkú méjìdínlọ́gọ́rin wọlé sí? Òkú kì í dìde kó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ó dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sáré, àgbà ọkùnrin bíi tirẹ̀. Ó lọ bá akéde ìlú, ó sọ ohun tó máa kígbe fún un. Láti ibẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ Ìyá Olómi.

"Ìyá, àwọn wo ló kú lọ́jọ́ kẹrin?"

Obìnrin náà ò wo ìwé, kò sì rò ó. "Márùn-ún. Amọkòkò tó ń gbé lẹ́bàá odi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin. Alágbàfọ̀ kan. Arìnrìn-àjò kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá." Ó wá sọ ẹni karùn-ún. Atúdìí ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Oòrùn ti tẹ̀ sí apá kan nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó. Gbọ̀ngàn wọn tóbi, ògiri rẹ̀ funfun yíká, iná èédú ń jó nínú àgbá irin ní igun kan. Olórí Ìgbìmọ̀ fi àga rẹ̀ ti ògiri. Olórí Onígbàjámọ̀ ti wá, ó ká abẹ rẹ̀ sínú aṣọ mímọ́. Akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀. Atúdìí ti ní kí Baba Onílẹ̀kùn náà wá, pẹ̀lú ọ̀pá oṣù tó kọjá. Ìyá Olómi nìkan ló kọ̀ tí kò jókòó.

"Oòrùn ń wọ̀ lọ, Atúdìí," Olórí Ìgbìmọ̀ wí. "Ta ló kun ògiri?"

"Ó ku díẹ̀, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni àna yín kú?"

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Ọjọ́ ìjì ni, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ta ni ò mọ̀?"

Atúdìí tẹ́ awọ náà síwájú rẹ̀. "Ẹ bá wa fi ọwọ́ lé ọjọ́ ìjì."

Ìka Olórí Ìgbìmọ̀ rìn lórí awọ, ó dé ọjọ́ kejìlá, ó dúró. Ó ṣófo.

"Awọ yìí ní ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà," Atúdìí wí. "Ṣé àna yín ò kú ni, Baba? Èèyàn mẹ́ta ló kú. Kí wá ni kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìjì? Ilẹ̀kùn ni kò ṣí! Igi dí i. Òkú ò jáde, alààyè ò jáde. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí i, awọ ní mẹ́jọ. Ẹ̀yin àgbà, awọ yìí ò ka ikú. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà jáde ló ń kà, òkú àti ẹni tó yá, gbogbo wọn papọ̀. Ẹ wo àwọn òpó gíga tí ẹ fi fẹ́ lé obìnrin yìí kúrò nílùú. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé ni."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán," ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wí.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn," Atúdìí pàṣẹ.

Àwọn tí akéde ti ké sí wọlé. Bíríkìlà kan ló ṣíwájú, simẹ́ńtì ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n. Arúgbó méjì fara ti ara wọn. Wọ́n ń wọlé, wọn ò tán. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Àwọn yòókù ti padà sí abúlé wọn. Olórí Ìgbìmọ̀ dìde, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó fi aṣọ bo imú.

"Ẹ má sá, Baba," obìnrin ọlọ́mọ náà wí. "Àwa òkú yín ni."

Ẹ̀rín bú ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Olórí Onígbàjámọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kà wọ́n, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó fi abẹ rẹ̀ sábẹ́ àga.

Atúdìí ò dúró. "Ní gbogbo ìlú yìí, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń ka ẹni tó jáde. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé pákó tí akọ̀wé gbà, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n gé ló sì gé e. Agogo kìn-ín-ní lù, àwọn obìnrin wà lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú ilé tí ara rẹ̀ yá tó láti gbé korobá ẹfun. Ó ní òun lọ tọ̀." Ó yíjú sí i. "Baba Onílẹ̀kùn, ẹ fi ọ̀pá yín wé awọ yìí. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò bá bá a mu jálẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n lé èmi gba ẹnubodè."

Bàbá náà ò na ọ̀pá. Ó dì í mú ṣinṣin.

"Mi ò purọ́," ó wí. "Iye tó jáde ni mo gé. Ẹni tó pè é ní ikú ló purọ́."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n á pè é ní ikú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì kun ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ kun gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ kùn lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni," Baba Onílẹ̀kùn wí. "Ó kọ̀, ó ń hàn."

Bàbá náà nàka sí Ìyá Olómi.

"Ìyàwó mi ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi wà papọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí, èmi àgbàlagbà, pé kó jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń fà á fún gbogbo ayé. Ó ní rárá. Ìyàwó mi kú. Ilẹ̀ mọ́, mo wọlé, mo bá ìka èédú kan lára ògiri. Òun nìyẹn! Odindi èèyàn, tó ń kọrin, tó ń bú mi láràárọ̀, ìbú ìka kan! Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó ti ń dínkù, ó ti ń dínkù. Kí ló ń dínkù? Tèmi ò dínkù! Tèmi ò dínkù rárá!"

Àánú ṣe Atúdìí, inú sì ń bí i, lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùsùn kẹta ni àbúrò rẹ̀ wà. "Baba, àwọn mẹ́rìndínlógójì tó wà níbẹ̀ báyìí ńkọ́? Àwọn náà ní ẹni tí wọ́n ń bú láràárọ̀." Ó na ọwọ́. Baba tú kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀, ó gbé e fún un.

Ìyá Olómi ti rìn dé iwájú bàbá náà. Kò kúnlẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀.

"Ìka karùn-ún, ọjọ́ kẹrin. Omi ló ń béèrè títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi ni mo ń fún un. Tó bá tún di ọ̀la, Baba, rárá náà ni màá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Mo lè fò ó. Ọjọ́ kẹrin péré ni, ọ̀tá mi ń ka ìka mọ́ mi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò bá má mọ̀. Mi ò fò ó. Ìyàwó yín ta kò mí lára ògiri yẹn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì jẹ́ kó ta kò mí."

Bàbá náà bojú. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olórí Ìgbìmọ̀ wúkọ́. Oòrùn ti wọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbé àwo lọ sí Ilé Aláìsàn. Atúdìí kíyè sí i, ó mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ó dáa," Olórí Ìgbìmọ̀ wí. "Kí onígbàjámọ̀ sinmi. Kí wọ́n ti bàbá yìí mọ́lé títí a ó fi dájọ́ rẹ̀. Ní ti ìlú, a ó ní òjò ló fọ ògiri. Ìyá, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àmọ́ má ya àtẹ kankan mọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ará ìlú gbójú sókè."

Ìyá Olómi wò ó. Ó wo àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó dúró sẹ́yìn. Ó wá lọ sí igun, ó fi ẹ̀mú yọ èédú tó ti kú nínú àgbá irin, ó gun orí tábìlì ìgbìmọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó na apá dé igi àjà. Èédú dún lára ògiri funfun, òpó àkọ́kọ́ ń bọ̀ wálẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Ògiri ìgbìmọ̀ nìyẹn!"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Bíríkìlà ti gbé ọ̀pá nílẹ̀, ó ń ka ojú tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Obìnrin ọlọ́mọ náà ti mú èédú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó ń ya àwọn tó fẹsẹ̀ rìn jáde. Àwọn yòókù ń sún mọ́ ògiri.

"Mo ní ta ló fún ẹ láṣẹ!"

"Ẹ bá mi sún àga yín, Baba," Ìyá Olómi wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Àyè ò ní tó."

Olórí Ìgbìmọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sún àga rẹ̀.